Aṣọ Tí Tíṣà Íńdíà Fún Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré ní abúlé wa, sòbìà ni ọ̀tá wa. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham nílùú òyìnbó yìí, ẹ kò lè mọ̀ ọ́n, ẹ ṣọpẹ́. Kòkòrò tó gùn bí òwú ni, inú omi la ti ń mu ún, tó bá sì di ọdún kejì, yóò máa yọ jáde lẹ́sẹ̀ èèyàn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá mú kò ní lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Tó bá wá bọ́ sí àsìkò ìdánwò, ó parí nìyẹn.

Ohun tó mú mi rántí rẹ̀ ni ọmọ-ọmọ mi. Wọ́n ń kọ́ nípa àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Íńdíà tí ayé kò mọ̀ púpọ̀ ní kíláàsì wọn, wọ́n ní kí kálukú mú ìtàn ẹnì kan wá, kó sì ya àwòrán rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ ìmọ́tótó tí mò ń ṣe ní Stockwell dé ni, ó rẹ̀ mí débi pé n kò tíì bọ́ kóòtù. Mo ní, "Jókòó, mo mọ ẹnì kan."

Tíṣà wa ni, obìnrin kan tí ìjọba gbà wá láti Íńdíà kó wá kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé girama. Kí wọ́n tó dé, inú sinimá nìkan la ti mọ Íńdíà, níbi tí èèyàn ti ń di ejò, tí olólùfẹ́ ń kọrin lórí òkè. A gbà pé gbogbo ọmọ Íńdíà ló lóògùn. Bàbá mi sì ti sọ fún mi gbangba pé bí mo bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò kíláàsì kẹta, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń lọ kọ́. Mo kórìíra abẹ́rẹ́. Ni àwa ọmọ kíláàsì bá kó ara wa jọ, a lọ bẹ tíṣà pé kí wọ́n fún wa ní oògùn ìsọ̀yè Íńdíà, kí ìwé má baà fò lórí wa.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gé ọ̀kan nínú aṣọ gígùn tí wọ́n máa ń ró sí wẹ́wẹ́, wọ́n fún wa níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ká so ó mọ́ ẹnu àmù nílé, ká má mu omi tí kò bá gba inú rẹ̀ kọjá.

Màmá mi gbọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ń ṣàlàyé oògùn ní gbangba? Ó fi ọ̀rọ̀ omi bojú ni." Wọ́n rán aṣọ náà sínú ìrọ̀rí mi, mò ń sùn lé e lórí, inú mi ń dùn.

Ẹ wo o, tíṣà ń lọ láti ilé dé ilé láti wo àmù! Wọ́n bá tiwa láìso nǹkan kan mọ́ ọn. Màmá mi fi ìrọ̀rí hàn wọ́n tìdùnnú-tìdùnnú. Èmi tí mò ń ṣe ògbufọ̀, ojú tì mí gan-an. Tíṣà ò bínú. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n sọ ìtàn bàbá kan nílùú wọn tó ń fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo omi kànga láti ìgbà ọ̀dọ́ títí ó fi darúgbó, tí àwọn aládùúgbò ń pè é ní wèrè, tí ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n ní, "Òun ló kọ́ mi. Oògùn Íńdíà tí mo mọ̀ nìyẹn."

Ni wọ́n bá bu omi àmù wa sínú àwo funfun, wọ́n fún màmá mi ní awò. Màmá mi wò ó, wọ́n rí kòkòrò tíntìntín tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi náà, wọ́n pariwo: "Yéè! Ohun tí mò ń fún ọmọ mi mu rèé?" Wọ́n tú ìrọ̀rí, òwú kún gbogbo yàrá, wọ́n so aṣọ náà mọ́ ẹnu àmù. "Ká sẹ́ ẹ bí ògì ni! Kí ló dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀?" Tíṣà kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, sòbìà dá ọ̀pọ̀ ọmọ jókòó sílé lọ́jọ́ ìdánwò. Èmi fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ, mo sì yege.

Ọmọ-ọmọ mi gbé fóònù. "Grandma, but kí ni name wọn? I need to search it."

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Tíṣà Íńdíà la pè wọ́n títí wọ́n fi lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó mi orí. "Kò sí anything, Grandma. Kò sí picture wọn rárá."

Ó dùn mí. Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ó ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ ó mu ún láìwò ó. Gbogbo ayé wà nínú fóònù yín, ẹni tí kò bá sì sí níbẹ̀, ó dà bí ẹni tí kò wá sáyé rí. Ó sú mi, mo ti ẹsẹ̀ mi bọ omi gbígbóná.

Ọmọ náà ń wo ẹsẹ̀ náà. "Sòbìà yẹn, kò mú yín ever?"

"Kò mú mi rí."

Ó mú pẹ́ńsù, ó kúnlẹ̀. "Okay, ẹ má move. Ẹsẹ̀ yín ni mo fẹ́ draw."