Bàrà Tó So ní Kettering

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Laurel, nítòsí Washington, nígbà tí màmá mi kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n sì ti gbé báàgì kọ́ apá. Pásípọ́ọ̀tù wọn wà nínú báàgì náà, áńkáṣíìfù ni wọ́n fi wé e. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti ń kọ oúnjẹ, tí wọ́n ń ní kí n dá àwọn padà sí Ìdèrè. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bu omi fún wọn níbẹ̀ mọ́. Bàbá mi ti kú, èmi nìkan sì ni ọmọ. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìyá àgbà kan wà ní Kettering tó jẹ́ ọmọ Ìbàràpá, mi ò bèèrè ju ìyẹn lọ. Mo pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní ká máa bọ̀ láàárọ̀ Sátidé yẹn.

"Nínú ìlú méjèèje, èwo?" ni Màmá bi mí bí a ti wọ ọkọ̀.

"Mi ò bèèrè, Màmá. Wọ́n ṣáà ní Ìbàràpá ni."

"Ìbàràpá! Ṣé wọ́n máa ń bí èèyàn sí Ìbàràpá ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nílé, orúkọ yẹn wà fún fọ́ọ̀mù ìjọba, àti fún àwọn ará Ìbàdàn tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín wa. Ìgbà tí a bá fẹ́ tọrọ ọ̀nà tàbí iná mànàmáná la máa ń pa pọ̀ di Ìbàràpá. Tí a bá ti kúrò níbẹ̀, kálukú padà sí ìlú rẹ̀, a sì ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Àmọ́ níbí, níbi tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ẹni tó bá ti lè pe Ìbàràpá dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi ni.

Mo ra epo lójú ọ̀nà Route 1. Gálọ̀nù kan, tí kò tó lítà mẹ́rin, ti fẹ́ẹ̀ tó dọ́là mẹ́ta. Lẹ́yìn náà a bọ́ sí Beltway, ọ̀nà ńlá tó yí Washington ká bí ìgbànú. Ọkọ̀ mẹ́rin lè sáré níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìsí kòtò kankan. Kò sẹ́ni tó ń ta àgbàdo létí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kí ẹnì kankan. Nígbà tí a dé Landover, Màmá wo pápá bọ́ọ̀lù ràgàjì tó wà níbẹ̀, wọ́n ní gbogbo Ìdèrè yóò gba inú rẹ̀, àyè yóò sì tún ṣẹ́ kù. Èmi ń fi ìka ka ìlú méjèèje lórí sítíárìn: Ìdèrè, Igbó-Ọrà, Èrúwà, Tápà, Lánlátẹ̀. Mo dé márùn-ún, mo dúró. Ojú tì mí.

Ìyá náà pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ọmọ ibo ni yín?"

"Ìdèrè," ni Màmá dáhùn. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èrúwà."

Màmá mí kanlẹ̀. "Háà! Èrúwà tí kò mọ ẹ̀gúsí í bó."

Mo rò pé a ti ba ìrìn àjò náà jẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Èrúwà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ọdún mẹ́fà rèé tí n kò rí ẹni fi Èrúwà bú mi! Ẹ wọlé, ẹ wá bó o ká rí i."

Wọ́n mú wa lọ sí gáréèjì. Wọ́n ti gbin bàrà, èyí tí kóró rẹ̀ ń jẹ́ ẹ̀gúsí, sẹ́yìn ilé nígbà ooru, ó so, wọ́n sì sá kóró rẹ̀ sórí páálí. "Ọmọ mi fẹ́ gé e dànù," ni wọ́n wí. "Ó ní ó ń ba *lawn* òun jẹ́, koríko tí wọn kì í jẹ́ kó ga." Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń bó o lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀ ń fọ́ ọ!" ni Màmá ké.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń fọ́ ọ! Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ létí."

Nígbà tó yá, Ìyá Èrúwà gbé kóró kan sókè. "Àwọn bàbá wa ní bàrà yìí náà ni wọ́n fi sọ wá ní Ìbàràpá, torí àwa là ń gbìn ín jù."

"Bẹ́ẹ̀ náà làwọn tèmi wí," ni Màmá sọ. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹnu kò lé lórí nìyẹn.

A ro ìyẹ̀fun iyán inú páálí, a fi ẹ̀gúsí náà jẹ ẹ́. Màmá ní iyọ̀ kò tó. Síbẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún bù sí i. Mo dìde bíi pé mo fẹ́ fọ abọ́, kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Nígbà tí à ń padà lọ́sàn-án, mo jẹ́wọ́ fún wọn pé ìlú márùn-ún ni mo rántí. Wọ́n ní kí n kà wọ́n. Mo kà wọ́n.

"Ìgàngàn àti Ayétẹ̀ lo gbàgbé," ni wọ́n wí. "Ayétẹ̀! Níbi tí wọ́n ti bí ìyá ìyá rẹ."

Nígbà tí a dé Laurel, Màmá dúró níwájú fúláàtì wa, wọ́n tú áńkáṣíìfù wọn. Ẹ̀kúnwọ́ kóró bàrà tí wọn kò bó wà níbẹ̀ pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù. Wọ́n wo ilẹ̀ kékeré tó wà lábẹ́ fèrèsé.

"Oṣù wo ni òtútù máa ń lọ níbí?"

"Oṣù kẹrin, Màmá."

"Ó dáa. A ó gbìn ín nígbà náà."

Ohun tí mo ń gbàdúrà fún nìyẹn, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n mo padà sínú ọkọ̀, mo gbé orí lé sítíárìn, mo sunkún. Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń ní kí n dá àwọn padà sílé, èmi ti ń retí pé n ó bá wọn lọ.