Gééjì Méjì Nínú Ọkọ̀ Kan

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí eyín díẹ̀ tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi bọ́ sílẹ̀ kí n tó parí gbólóhùn. Wọn kò sọ ọ́ fún mi o. Orí bẹ́ńṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni mo jókòó sí, ojú mi ló ṣe.

Má-tíì-tú-u là ń pe mẹkáníìkì náà, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé sípánà sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, ariwo tí yóò pa nìyẹn. Kì í tú nǹkan kó tó fura sí gbogbo ohun tó yí i ká. Bó ṣe ń gbélé náà nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí òun bí àkọ́bí, tí agbẹ̀bí jáde pé ọkùnrin ni, èsì tí bàbá ọmọ fọ̀ ni pé, "Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wọ́ lọ́rì kan tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì dé. Ọkọ̀ náà ti rìn débi pé, ká ní ènìyàn ni, ì bá ti máa tẹ̀pá. Ẹ̀gbọ́n ló ni ín, àbúrò rẹ̀ ló ń wà á. Ọbàkan ni wọ́n: bàbá kan, ìyá méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọbàkan mọ ohun tí mò ń wí. Bí ọbàkan bá sín, èkejì á bi í pé ta ló ń bá wí.

Ohun tí wọ́n rò létí mi ni pé ọkọ̀ ń gun òkè, iná pupa ọ́ìlì ṣàdédé tàn, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí agbára ọ́ìlì ṣe tó sì sùn gbalaja. Àbúrò pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ó fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó wò ó, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Gééjì ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ó kún dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi. Ó tiẹ̀ kún jù."

Ẹ̀gbọ́n débẹ̀, ó ṣáná sí ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó wo gééjì iwájú ọkọ̀: òdo. Títí tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa, kò bá àbúrò sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ọ̀gá, ọmọ yìí ń purọ́ fún mi," ó wí fún mẹkáníìkì. "Ó ní gééjì kún, gééjì wà ní òdo. Ẹ tú u, kí n rí òkú ẹ́ńjìnnì mi. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, kò ní fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mi mọ́ láéláé."

"Èmi? Ìgbà wo ni mo purọ́ fún yín rí?" Àbúrò ti di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Ọkọ̀ yẹn nìkan niṣẹ́ tó ní láyé.

"Má tíì tú u!" Mẹkáníìkì na ìka. "Gééjì wo lẹ ń wí?"

Àbúrò nawọ́ sí irin. Ẹ̀gbọ́n nawọ́ sí abẹ́rẹ́. Orúkọ kan náà ni gbogbo wa ń pe méjèèjì!

"Gééjì méjì, ìròyìn méjì," ni mẹkáníìkì wí. "Ọ̀kan ń tàn mí."

Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ fura sí. Ó de gééjì tirẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n ṣáná. Tirẹ̀ náà gbérí díẹ̀, ó sùn padà. Abẹ́rẹ́ kò purọ́. Ó fa irin yọ: ọ́ìlì kún kọjá àmì. Irin náà kò purọ́. Ó wá gbé e sí mi nímú.

"Bàbá, òórùn kí lẹ gbọ́?"

"Dísẹ́ẹ̀lì."

"Mo mọ̀!" Ẹ̀gbọ́n fò sókè. "Ó da dísẹ́ẹ̀lì sínú ọ́ìlì mi! Ìyá rẹ̀ ló rán an!" Ó já kọ́kọ́rọ́ gbà.

"Ẹ má fi ìyá mi kún un o!"

Mẹkáníìkì bọ́ sáàárín wọn. Ó wo àbúrò tìfura-tìfura. "Ìgbà wo lo bu ọ́ìlì kún un gbẹ̀yìn?"

"Ó ti pẹ́, ọ̀gá. Kò jẹ ọ́ìlì mọ́. Ńṣe ló tiẹ̀ ń lé sí i. Mo rò pé ara ọkọ̀ ti yá ni."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Èmi tí mo jẹ́ arúgbó mọ̀ pé ohun tó bá gbó, jíjò ló ń jò.

Mẹkáníìkì tú ọ́ìlì dà. Ó ṣàn bí omi. Ó gé fílítà, ó na bébà inú rẹ̀ sóòrùn, ó ń wá irin wẹ́wẹ́ tó máa ń dán bí inú ẹ́ńjìnnì bá ti jẹra. Kò rí ọ̀kan. Ìgbà yẹn ló tó gbé sípánà, ó sì tú pọ́ńpù kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń fa dísẹ́ẹ̀lì láti inú táǹkì. Rọ́bà inú rẹ̀ ti ya. Ó tẹ̀ ẹ́, dísẹ́ẹ̀lì sì tú pùù níbi tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì.

"Ọ̀daràn yín rèé. Ó ti pẹ́ tó ti ń tọ̀ sínú ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, òkè òní ló ya á tán. Ọ́ìlì tó ti di omi, kí ló fẹ́ fi gbé abẹ́rẹ́ sókè? Bí ọmọ yìí kò bá tètè pa á, òkú lẹ ì bá wọ́ wá."

Wọ́n fi pọ́ńpù tuntun àti ọ́ìlì tuntun sí i. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ ara rẹ̀ ṣáná. Abẹ́rẹ́ dìde, ó dúró. Kò gbà á gbọ́. Ó ń kan dígí rẹ̀ léraléra, bóyá ó há ni. Nígbà tó sú u, ó pa ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí àbúrò.

Àbúrò káwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ kó ọ̀rọ̀ ìyá mi yẹn jẹ ná."

Ẹ̀gbọ́n wolẹ̀, ó wòkè, ó ní, "Má bínú, ọmọ bàbá mi." Àbúrò gba kọ́kọ́rọ́.

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀, àfi "má bínú" yẹn. Èmi ni mo fi sí i lẹ́nu. Ikọ́ ló wú. Àbúrò wò ó títí, ó ní, "Mo gbọ́," ó sì gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.