Ẹja Tó Mọ Ìyálé

Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Irọ́ ni jàre. Mọ̀nsúrát, ìyálé ilé Alhaji Mọ́ṣúdù ní Ìgàndò, lẹ́ran láyà, ó lẹ́ran lápá, owú sì tún ráyè jókòó sí gbogbo rẹ̀.

Alhaji ra táńkì ẹja fún un, ó ra irú rẹ̀ fún Qonitah, ìyàwó kejì. Ó ní ẹni tí ẹja àrọ̀ rẹ̀ bá tóbi jù kí Iléyá tó dé ni òun máa fún ní pọ́ńdù tuntun ẹ̀yìnkùlé. Oorun dá lójú Mọ̀nsúrát. Ilé tí òun bá Alhaji kọ́, ṣé ìyàwó tó wọlé lánàá ni yóò wá jogún pọ́ńdù ibẹ̀?

Qonitah ń fún ẹja tiẹ̀ lóúnjẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó tán. Omi ló ń dà nù ṣáá, tó ń fa tuntun sí i. Mọ̀nsúrát á yọjú lójú fèrèsé, á pòṣé.

"Ahun. Omi ló fi ń bọ́ ẹja."

Òun ò ní ṣahun ní tiẹ̀. Bó jí, á da oúnjẹ sí i. Bó kírun kan tán, á tún dà á. Èyí tí wọn ò jẹ rì sísàlẹ̀, omi dúdú, ó ń rùn.

Ẹja Qonitah ń sanra, tiẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́. Inú ń bí i, kò lè sọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń tù ú nínú: bó bá dé etí táńkì láàárọ̀, gbogbo wọn á ti wà lókè, wọ́n á lanu sí i. Ti Qonitah kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pe Alhaji wá wò ó.

"Ẹ ò rí i pé wọ́n mọ̀ mí?"

Alhaji rẹ́rìn-ín, inú Mọ̀nsúrát dùn títí di alẹ́.

Nígbà tí Iléyá sún mọ́lé, Mọ̀nsúrát bá díẹ̀ nínú ẹja rẹ̀ tí wọ́n ti yí ikùn sókè. Ó sáré bu oúnjẹ. Qonitah di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á. Ebi kọ́. Oúnjẹ yẹn ló ba omi jẹ́. Èémí ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi ń lanu."

Qonitah fa omi ìdọ̀tí náà dà nù, ó fa omi tuntun sí i.

Nírọ̀lẹ́, Mọ̀nsúrát padà sétí táńkì. Omi mọ́ gaara. Ẹja wà nísàlẹ̀, ara tù wọ́n, kò sí èyí tó gòkè wá kí i. Ó ń gbọ́ ohùn Alhaji lẹ́yìnkùlé, tó ń fi pọ́ńdù tuntun han Qonitah. Ó bu oúnjẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, bóyá wọ́n á tún lanu sí òun. Ó dì í mọ́wọ́ títí ó fi rọ̀, ó wá dà á padà sínú ike.