Koríko Orí Kọ̀ǹpútà

Alásọtẹ́lẹ̀ Òjò ni wọ́n ń pe obìnrin yìí ní ọ́fíìsì, orúkọ náà sì máa ń pa á lẹ́rìn-ín nígbà kan. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ní ẹ̀ka tó ń rí sí omi òjò ìlú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ya gbogbo títì, òrùlé àti gọ́tà sínú ẹ̀rọ, kó mú kí òjò rọ̀ lé wọn lórí níbẹ̀, kó wá wo ibi tí omi yóò gbà. Níbi tí omi bá ti pọ̀ jù, yóò ní kí wọ́n hú kọnkéré, kí wọ́n gbin koríko àti igi, kí ilẹ̀ lè rí omi náà mu kó tó di wàhálà.

Ìsàlẹ̀ òkè ni ìyá rẹ̀ ń gbé, níbi tí omi ti ń wọlé lọ́dọọdún bí àlejò tí kì í kágò. Orí búlọ́ọ̀kù ni bẹ́ẹ̀dì ìyá wà, orí búlọ́ọ̀kù náà ni àpótí tó kó fọ́tò bàbá sí wà. Lókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ni ọgbà ńlá tí wọ́n ti ń ta mọ́tò, kìkì kọnkéré. Omi tó bá bọ́ síbẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ló ń dà sí tààrà.

Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n náà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n hú ìdajì ẹ̀, kí wọ́n gbin koríko síbẹ̀. Ọ́fíìsì wa ló máa ṣe é."

"Kí ni mo fẹ́ fi du ìyá mi?" ni ẹ̀gbọ́n wí. "Jẹ́ ká ta àwọn mọ́tò tó wà nílẹ̀ yìí tán ná."

Ọkùnrin tó ń fi òní dọ́la ni. Ilé ìyá tó ní òun yóò kùn nígbà tí bàbá kú, ọ̀dà kò tíì kàn án títí dòní. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí obìnrin yìí yóò fi ètò omi òjò ìlú tó ń yà han àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ti dé tán. Ó bá kun ìdajì ọgbà mọ́tò ní àwọ̀ ewé lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹni pé wọ́n ti gbin koríko síbẹ̀. Ó rọ òjò tó le jù lé e, ìsàlẹ̀ gbẹ táútáú. Àwọn ọ̀gá wò ó, wọ́n fagi lé gọ́tà ńlá tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ládùúgbò ìyá: omi kò kúkú ní débẹ̀ mọ́. Bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Ojú tì í láti sọ pé ẹ̀gbọ́n òun gan-an kò tíì hú nǹkan kan, ó bá dákẹ́.

Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ gba ohun tó yà gbọ́, ó sì gba ọ̀dọ̀ ìyá lọ.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká sọ àpótí yìí kalẹ̀. Omi ò ní wọbí mọ́."

"Ṣé ẹ̀rọ ẹ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni."

Àwọn méjèèjì ló jọ gbé e sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni òjò dé. Nígbà tó fi sáré dé ìsàlẹ̀, omi ti dé orókún, ìyá ti gun orí àga, àpótí ti mumi yó. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó ṣí i. Àwọn fọ́tò ti lẹ̀ mọ́ra. Èyí tí wọ́n bá fà, ojú bàbá a ṣí kúrò lára rẹ̀. Inú bí obìnrin náà.

"Bọ̀ọ̀dá ló fà á, Màámi. Ó ṣèlérí fún mi. Ìlérí ẹ̀ ni mo fi sínú ẹ̀rọ."

Ìyá to búlọ́ọ̀kù padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé àpótí òfìfo lé e.

"Ẹ̀rọ ò mọ ẹ̀gbọ́n ẹ," ni ìyá wí. "Ìwọ mọ̀ ọ́n."