Aṣọ Tó Korò, àti Bí Àbúrò Mi Ṣe Di Ọmọ Ọ̀kà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkàrẹ́, ojú mi mú ju ti àṣá lọ. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn kan nínú ìdílé wa ń sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, bẹ́ẹ̀ wọn kò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i, ahọ́n mi yìí náà ni mo fi tọ́ ọ wò. Ẹ lè ní bàbá yìí kò kàwé. Òótọ́ ni, ìwé márùn-ún ni mo kà kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Àkùngbá lónìí, kí ẹ wo àwọn ilé tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbé, kí ẹ bèèrè ẹni tó mọ ọ́n. Ẹni tó lè dúró lókèèrè wo ògiri kó sì mọ̀ pé ó ti wọ́, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣi nǹkan rí?

Ohun tó mú mi rántí ni ọmọbìnrin mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó wà lọ́dọ̀ wa báyìí. Èyí tó kọ́kọ́ bí kò tíì pé ọdún méjì, ilé kò sì rọgbọ mọ́. Bí ọmọ tuntun bá sunkún níhìn-ín, ti àkọ́kọ́ á dáhùn lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kan ó gun àyà ìyá rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ mú, ó fẹ́ fà á kúrò nídìí ọmú. Ìyàwó mi ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé eléyìí lọ fún ìyá bàbá rẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí ọmọ mi lè sinmi." N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, "Kò sí ọmọ tó ń lọ síbì kankan nínú ilé yìí!" Àwo tó wà lẹ́sẹ̀ mi dànù. Gbogbo wọn wò mí. Ìyàwó mi ní, "Bàbá, ṣé kò sí o?" Ìdáhùn náà ni mo ń kọ yìí.

Ẹsẹ̀ òkè ni ilé wa wà, níbi tí àpáta ti máa ń yọ ooru sára ènìyàn lọ́sàn-án. Bàbá mi ní oko kòkó lọ́nà Àfìn, àbà ló sì máa ń sùn lọ́pọ̀ ìgbà. Màmá mi wà nílé pẹ̀lú ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé. Èmi ni àkọ́bí. Àwọn méjì tó tẹ̀lé mi kò dúró. Lẹ́yìn wọn ni àbúrò mi ọkùnrin dé, òun sì dúró.

Ṣé ó dúró ni kí n wí ni? Ọmọ yẹn kì í dúró! Àtìgbà tó ti mọ ìrìn ni ilé wa kò ti mọ ìsinmi. Ẹ ó rí i nídìí adìẹ, ẹ ó rí i nínú gààrí, ẹ ó tún rí i lẹ́nu ọ̀nà tó ń wọ́ bàtà bàbá mi lọ sígbó. Èmi ni mo ń sáré tẹ̀lé e, ẹ̀yìn mi ló sì máa ń sùn sí bó bá rẹ̀ ẹ́. Kò lè pe "bùrọ̀dá," "Dáà" ló ń pè mí. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, á ti pariwo rẹ̀ láti inú ilé, "Dáà! Dáà!", àwọn aládùúgbò á máa rẹ́rìn-ín pé ẹni tó ń pọ̀n ọ́n dé.

Kò pẹ́ tí Màmá fi lóyún lé e lórí. Wọ́n já a lẹ́nu ọmú, kò bínú jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bí ọmọ tuntun, obìnrin, tí ó wọ yàrá tó rí ẹlòmíràn nídìí ohun tó ti jẹ́ tirẹ̀, ayé dàrú. Ó yí ara mọ́lẹ̀. Ó jẹ iyẹ̀pẹ̀. Bí Màmá bá ti jókòó, ó ti dé. Bí wọ́n bá gbé e jáde, á gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé.

Yèyé ní, "Ìyàwó mi, ewúro ló máa bá a sọ ọ́." Ó gún ewúro, ó fi ra Màmá lọ́mú. Àbúrò mi tọ́ ọ wò, ó rún ojú, ó wo Yèyé. Lẹ́yìn náà ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún nù, ó sì gbé ẹnu lé e. A rẹ́rìn-ín títí! Àbí kí la óò ṣe? Màmá pàápàá rẹ́rìn-ín.

Yèyé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀." Ó já ewé dóńgóyárò, ó sè é títí omi rẹ̀ fi dúdú tó sì ki. Ó fa gèlè àtijọ́ kan ya, ó ń ti àjákù rẹ̀ bọ omi yẹn, ó sì fi ń pa Màmá lọ́mú ní gbogbo ìgbà tó bá gbúròó àbúrò mi. Bó bá ti ṣe tán, á fi aṣọ náà kọ́ sórí okùn tó wà lókè ibùsùn. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi tọ́ èyí wò, ẹkún rẹ̀ dé ojú títì. Kò sún mọ́ ibẹ̀ mọ́. Yèyé ní, "Mo wí fún yín."

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí wàyí. Láyé ìgbà náà, ní ilé wa, yàrá ọlọ́mọ tuntun kì í rí ìmọ́lẹ̀. Wọn kì í ṣí fèrèsé títí wọn óò fi sọ ọmọ lórúkọ, kí atẹ́gùn má baà wọ ọmọ lára. Iná ń jó nígun yàrá, èéfín ń yí ká. Òkùnkùn! Bí Màmá bá fẹ́ fún ọmọ tuntun lọ́mú, á ní òun gbọ́dọ̀ nu ohun kíkorò yẹn kúrò. Á na ọwọ́ sókè, á fa aṣọ tó bá bà lórí okùn, á rì í bọ omi, á fi nu ara rẹ̀. Aṣọ Yèyé ni. Ó ń fi dóńgóyárò nu dóńgóyárò.

Ọmọ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọmú. Á gbà á sẹ́nu, á tú u jáde, á na ara, á ké. Ẹkún rẹ̀ ń tín-ín-rín sí i. Kò sẹ́ni tó jókòó mọ́ nínú ilé wa. Màmá ń rìn láti ògiri dé ògiri. Yèyé ń wọlé, ó ń jáde, ó ń bú iná, ó ń bú ewúrẹ́. Wọ́n ń rán mi níṣẹ́, n kò tíì dé ibi tí wọ́n rán mi tí wọ́n tún fi ń pè mí padà. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí dìsípẹ́ńsárì, nọ́ọ̀sì wo ẹnu rẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó ní kí wọ́n máa fún un ní omi gúlúkóòsì. Nígbà tí wọ́n dé, mo rí àwùjẹ̀ rẹ̀. Ó ti jìn sínú. Mo ti rí irú rẹ̀ rí lára àwọn tí kò dúró, mo sì mọ ohun tó ń tẹ̀lé e.

Ìyá kan ládùúgbò wa ló sọ ọ́. Àbúrò mi wọlé, ó na ọwọ́ lu ẹsẹ̀ ọmọ náà bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe. Ìyá yẹn gba ara rẹ̀ láyà. "Ẹ ò rí nǹkan? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lé e! Kò fẹ́ ẹ. Bí ẹ kò bá tètè yà wọ́n, ó máa lé e lọ ni." Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ Yèyé lára.

Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá mi ní oko. Ó dé pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, kò tilẹ̀ rántí gbé e sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni mo ti kíyèsí i pé àbúrò mi wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, Màmá sì fa aṣọ orí okùn láti nu ọmú. Bí aṣọ yẹn ṣe jábọ́, àbúrò mi ti figbe ta, ó ti sá. Mo ní há à. Yèyé kò sí nítòsí, kí ló ń sá fún? Nígbà tí Màmá fi aṣọ náà sílẹ̀, mo wọlé, mo mú un, mo tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó korò títí dé ọ̀nà ọ̀fun! Mo tu itọ́ títí, kò lọ.

Mo gbé e lọ bá bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, aṣọ yìí ló korò. Òun ni Màmá fi ń nu ọmú. Òun ni ọmọ kò ṣe mu."

Yèyé ti gbà á lọ́wọ́ mi. "Ẹ gbọ́ o! Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ ló ń sọ pé mo fẹ́ pa ọmọ ọmọ mi!"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀, Yèyé."

"Kí lo wá sọ? Tún un sọ kí bàbá rẹ gbọ́!"

Bàbá mi kò wo aṣọ náà. Ó ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmú abiyamọ, kí ló kan èmi tí mo jẹ́ ọkùnrin níbẹ̀, ká má tíì sọ ìwọ?" Ó gbá mi létí. Mo yíjú sí Màmá. Ó wo aṣọ, ó wò mí, ó sì gbé ojú rẹ̀ sí ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìyá tó bí Màmá wá láti Ọ̀kà láti gba àbúrò mi. Ó pọ̀n ọ́n, mo sì tẹ̀lé wọn dé gáréèjì. Inú ọmọ náà dùn, ó rò pé gbogbo wa la jọ ń lọ. Nígbà tí mọ́tò gbéra tó rí i pé mo dúró sílẹ̀, ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé. "Dáà, wá! Dáà, wá!" Mo sáré. Ẹsẹ̀ mi yá nígbà náà, kò sí ọmọ tó lè bá mi sáré ní gbogbo àdúgbò wa, ṣùgbọ́n mọ́tò ni mọ́tò.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ tuntun mu ọmú. Ó mu, ó yó, ó sùn. Dájúdájú á mu! Àbúrò mi ti lọ, ta ni Yèyé tún fẹ́ ra dóńgóyárò fún? Wọ́n ti ká aṣọ kúrò lórí okùn. Ṣùgbọ́n ìdùnnú gba ilé kan. Yèyé jó. "Ẹ rí i bí? Ó ń lé e ni!" Gbogbo àdúgbò gbà á. Èmi nìkan ni mo jókòó sẹ́yìn ilé, tí òótọ́ wà lẹ́nu mi tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́.

Bí Màmá bá ti ní òun fẹ́ lọ mú ọmọ òun wá, Yèyé á ní, "Ṣé o fẹ́ kó wá parí èyí tó bẹ̀rẹ̀ ni?" Báyìí ló ń sún síwájú títí ọmọbìnrin náà fi ń sáré kiri. Ìgbà yẹn ni èmi àti Màmá tó lọ sí Ọ̀kà. Màmá ra búrẹ́dì. A bá àbúrò mi lójúde, ó ti ga, ó ń fi ohùn Ọ̀kà bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà lórí táyà kan. Màmá pè é. Ó sá lọ sẹ́yìn Ìyá Ọ̀kà, ó ní, "Ta ni wọ́n?" Ó gba búrẹ́dì, ó dọ̀bálẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó wo èmi náà. Mo dúró, mo ń retí orúkọ mi. Kò pè é.

Ìyá Ọ̀kà ní, "Ọmọ rẹ ni. Bí o bá fẹ́ mú un, mú un. Ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ á dé Ìkàrẹ́ ṣáájú yín."

Màmá kò mú un. Nínú mọ́tò, ó ń tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó ń dì í, ó ń tú u. Nígbà tí a kọjá Àkùngbá, tí ilẹ̀ yunifásítì ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko lásán nígbà náà, ó ní, "Mo mọ̀ pé aṣọ yẹn ni."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Kí n sọ fún ta? Ìyá ọkọ mi ló se ewé. Ọmọ ń lọ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé tí wọ́n bá gbé èkejì lọ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀." Kò tún sọ ọ́ mọ́ láyé rẹ̀.

Àbúrò mi ti di àgbàlagbà ní Ọ̀kà, ènìyàn dáadáa ni. Bí a bá pàdé, á dọ̀bálẹ̀ fún mi bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún àna. Nígbà tí a sin Màmá, àárín àwọn àlejò ló jókòó sí, èmi ni mo lọ fà á wá sítòsí. Ayé ti yí padà o. Fèrèsé yàrá ọmọbìnrin mi ṣí gbayawu láàárọ̀. Bí ọmọ bá kọ ọmú, wọ́n á gbé fóònù, wọ́n á pe nọ́ọ̀sì, bí ọmọdé bá sì sọ̀rọ̀, wọ́n á dá a lóhùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tuntun yẹn ti bí ọmọ tirẹ̀. Ohun tó sọnù kò pọ̀: àbúrò kan, ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń pè ní "mà" títí ó fi wọlẹ̀, àti gbogbo ìgbà èwe tó yẹ kí èmi àti ọmọkùnrin yẹn jọ lò.