Bọ́ọ̀lù Orí Yìnyín àti Ìka Àbúrò Mi

Kò sí ẹni tó mọ àbúrò mi tó mi láyé yìí. Èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n lọ síléèwé tí èmi fúnra mi ò kà kọjá ìwé kẹta. Èmi náà ni mo ń ṣe wẹ́dà ní Deer Park tí mo fi mú un wá sí Houston. Àfi bó ṣe lọ gba iṣẹ́ títún katakata ṣe ní ìsàlẹ̀ ayé pátápátá, níbi tí yìnyín kì í ti í yọ́, tí àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà ti ń ṣèwádìí.

Ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa ní Sharpstown, ní Houston níbẹ̀. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ fún un pé òtútù ibẹ̀ máa ń gé ìka ọwọ́ èèyàn. Ni lẹ́tà ọkọ rẹ̀ bá tún dé, ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́.

"Bùọ̀dá, kò fọwọ́ kọ ọ́. Ta ló bá a tẹ̀ ẹ́?" Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí káṣẹ́ẹ̀tì fídíò kan dé láti ibẹ̀, mo pe gbogbo ilé jọ. Bọ́ọ̀lù rọ́gíbì ni, èyí tó rí bí ẹyin, tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré. Ibùdó àwọn àbúrò mi ló ń bá ibùdó àwọn ará New Zealand tó múlé tì wọ́n gbá a. Wọ́n ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ wo? Wọ́n ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì!

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú ni pé gbogbo wọn rí bákan náà: kóòtù gìrìwò, fìlà dé ojú, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́.

"Òun nìyẹn!" mo pariwo. "Ẹ wo ìrìn! Ìrìn bàbá wa gan-an!"

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ ń dí mi lójú."

"Ìyàwó, dákẹ́. Kí o tó mọ̀ ọ́n ni mo ti mọ̀ ọ́n."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kì í. Mo ki oríkì ilé wa láti orí baba ńlá wa, bó ti ń ṣubú, bó ti ń dìde. Nígbà tó gbé bọ́ọ̀lù dé ìlà, mo fò sókè. Ọkùnrin náà bá ṣí fìlà. Irùngbọ̀n pupa, imú pupa. Òyìnbó!

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Baálé mi, ẹ bá wa kí ìbátan yín o."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ pa tẹlifíṣọ̀n náà. Ìyàwó àbúrò mi dì mọ́ ọn. "Ẹ má pa á!"

Eré parí, wọ́n tò láti bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá àwọn ará New Zealand, arúgbó kan, ń kọjá, oníkálukú ń na ọwọ́ oníbọ̀wọ́ sí i. Ọ̀kan tó di àsíá mú létí pápá látìbẹ̀rẹ̀, tí n kò tilẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, bọ́ ìbọ̀wọ́ méjèèjì. Ó tẹ̀ba, ó fọwọ́ kan yìnyín, kó tó fi ọwọ́ méjì gba ti bàbá náà.

A kì í fi ìbọ̀wọ́ kí àgbà. Èmi ni mo kọ́ àbúrò mi, pàṣán ni mo sì fi kọ́ ọ.

"Mẹ́wàá!" Ìyàwó rẹ̀ ń fi ìka kan gíláàsì tẹlifíṣọ̀n, omijé ń bọ́. "Bùọ̀dá, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pé! Ó yá, ẹ kì í!"

Mo la ẹnu. Ohùn ti há. Onírùngbọ̀n pupa ti gba gbogbo oríkì náà tán.