Róbọ́ọ̀tì Tó Ń Sọ Ìjẹ̀bú

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ibi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ ìtàn kíkọ, Wàrí ni mo máa ń pè fún un, á sì rò pé mo ń ṣàwàdà. Ilé iṣẹ́ epo ló gbé mi débẹ̀ láti Èkó, lásìkò tí owó epo gbòde kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ra mọ́tò. Èmi ń kọ ìtàn àwọn adigunjalè tó fẹ́ jí òṣùpá gbé. Ìyàwó mi ní tí wọ́n bá jí i tán, níbo ni wọ́n fẹ́ gbé e sí?

Màámi ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ó ti ń sọ pé òun fẹ́ padà sí Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n a ń bẹ̀ ẹ́ nítorí àwọn ọmọ. Wọ́n gbọ́ Yorùbá o, Pijin ni wọ́n fi ń dáni lóhùn. Bí ìyá àgbà bá lọ, ta ni yóò máa bá wọn sọ ọ́? Èmi tí mò ń tibi iṣẹ́ dé bí ẹni tí wọ́n lù?

Mo bá dọ́gbọ́n. Mo fi róbọ́ọ̀tì kan sínú ìtàn mi, obìnrin onírin tó ń wa ọkọ̀ òṣùpá, tó sì ń sọ ojúlówó Ìjẹ̀bú. Kì í gbéra àfi bí gbogbo èrò ọkọ̀ bá ti jẹun. Bí olè bá yọ ìbọn sí i, á kọ́kọ́ bi í pé ọmọ ta ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, mo kà á fún wọn ní pálọ̀. Àbíkẹ́yìn wa fò dìde, ó nawọ́ sí ìyá àgbà, ó ní, "Dádì, na Mama be dis!" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín róbọ́ọ̀tì náà jẹ, Ìjẹ̀bú ń bọ́ lẹ́nu wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Màámi ò rẹ́rìn-ín. "Èmi lo sọ di irin? Ó dáa, kà á lọ."

Mo kà á dé òpin, ibi tí àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé náà n'Ìbàdàn yìn jù: ọkọ̀ bàjẹ́, gbogbo èrò sá àsálà, róbọ́ọ̀tì nìkan ló kù lórí òṣùpá títí iná fi kú lójú rẹ̀.

"Ẹni tó bọ́ gbogbo wọn yó," ni Màámi wí, "wọ́n wá fi í sílẹ̀ kó kú sí ìdálẹ̀?"

Mo ní irin ni, ìtàn lásán ni.

"Mo mọ̀ pé irin ni. Ìwọ ọmọ mi lo kọ ọ́. Mi ò fẹ́ kú sí Wàrí."

Mo ránṣẹ́ s'Ìbàdàn pé kí wọ́n dúró, mo sì tún òpin ìwé kọ: ọkọ̀ mìíràn padà lọ gbé e wálé. Wọ́n ní kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀. Wọn ò mọ ìyá mi ni.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a gba ọ̀nà Sápẹ́lẹ̀ láti mú Màámi padà sí Ìjẹ̀bú, òun níwájú, àwọn ọmọ lẹ́yìn. Nígbà tó yá, àbíkẹ́yìn wa na ọwọ́ kan ìyá àgbà léjìká, ó sì fi Yorùbá bi í, láìsí Pijin kankan níbẹ̀:

"Màmá, ìgbà wo lẹ máa padà wá?"

Màámi dì í lọ́wọ́ mú.